Iṣẹ́ Kan Ṣoṣo Tó Kù fún Wa ní Ìbà

Ilé Akéwúṣọlá,
Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé, 2025.

Ọlátúndé Àjàní, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àlàáfíà fún ìyàwó rẹ, àti fún ọmọ yín tí ẹ kàn ń fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí. Ara mi le. Ikọ́ tí Ṣàkírát àbúrò rẹ lọ rò fún ọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn ayálégbé ni. Ọmọbìnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ ò dúró sójú kan.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Lórí fóònù, o máa ń sọ pé, “Bàbá mi, mo wà ní mítìn,” ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ṣàkírát á ya fọ́tò lẹ́tà yìí, á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti yanjú. A ṣe ìpàdé ẹbí ní Sátidé tó kọjá. Bí o ṣe ṣàlàyé fún mi ni mo ṣe ṣàlàyé fún wọn: pé iléeṣẹ́ tí o ń bá ṣiṣẹ́ ní Jámánì ti rí owó ìrànwọ́ ìjọba ibẹ̀ gbà láti wá gbé sólà ńlá kalẹ̀ ládùúgbò wa, kí iná rẹ̀ máa lọ sí ọjà àti ilé ìwòsàn, pé ilẹ̀ ló kù, pé ilẹ̀ ẹbí wa ní ẹ̀yìn Ìbà ló tẹ́jú tó. Wọ́n gbọ́, inú wọn dùn. Ìgbà yẹn ni Ọláwálé, tó ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ẹbí, wá dìde. Ó ní owó àwọn ńkọ́? O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á san owó ìwọlẹ̀, á san owó ìpìlẹ̀, tó bá débi òrùlé á tún san. Ọmọ onílẹ̀ kì í sùn.

Mo ní, “Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Owó tí ẹ bá gbà lónìí, ẹ ó ti fi jẹun tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Iṣẹ́ ni kí ẹ gbà. Kí àwọn ọmọ yín bá wọn to páńẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n bá wọn fa wáyà, kí wọ́n di ẹni tó ń gba owó oṣù.” Ọláwálé ní, “Bàbá, ta ló dúró fún un?” Mo ní, “Èmi Bùràímọ̀ ni mo dúró. Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá gba àwọn ọmọ wa, kí ẹ wá mú mi.” Ó tún ní kí a jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn. Mo ní ṣé èmi àti ọmọ tí mo bí ló máa ṣe ìwé àdéhùn? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Nítorí náà, kọ̀wé sí mi, kí o jẹ́ kí n mọ ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ àti iye ọmọ tí màá múra sílẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́ o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùràímọ̀ Akéwúṣọlá.


Hamburg,
17/2/2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú àdúrótì, ẹ ò ní ṣe é mọ. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, díẹ̀ ló kù kí n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú àwọn òyìnbó. Àwọn ọ̀gá mi gbọ́ pé ilẹ̀ ti wà, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Tí èyí bá yọrí, èmi ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá lórí gbogbo iṣẹ́ wọn ní Áfíríkà. Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́.

Ti iṣẹ́ tí ẹ sọ, ẹ má fòyà. Iṣẹ́ tó tóbi báyìí ò lè dá ṣe ara rẹ̀, èèyàn náà ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ iye kankan fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa wá forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó gbé owó kalẹ̀ ní òfin tiwọn. Tó bá yá, màá ṣàlàyé.

Èyí tó kán jù ni pé kí àwọn àgbà ẹbí tètè bu ọwọ́ lùwé ilẹ̀. Tí oṣù yìí bá fi lè parí láìsí ìwé yẹn, owó á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ bá mi lé wọn.

Ẹ sì máa lo ínvátà tí mo rà fún yín, bàbá mi. Ṣàkírát ní ẹ fi aṣọ bò ó nínú pálọ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n tuntun.

Ọmọ yín,
Ọlátúndé.


Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹrẹ́nà, 2025.

Ọlátúndé Àjàní,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ojúmọ́ tiyín níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n mo gbà pé o ń gbà á. Má sọ fún mi tí o ò bá gbà á.

Gbogbo àgbà ti bu ọwọ́ lùwé; ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti parí. Àmọ́ o ní kí n má jẹ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá wọn dúró? Mo kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ yẹn ni àga inú pálọ̀ mi ò ti rí ìsinmi. Wọ́n ń wá láti Àjàngbàdì, wọ́n ń wá láti Okokomáíkò, kódà ẹnì kan wá láti Ìjaníkin, ó ní ìyá òun àti ìyá mi jọ ṣe ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ti jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà rẹ bí ẹni pé ìwọ ni ọba.

Florence, ìyá Tósìn, ará Èkìtì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wa, ti ta fíríìsà tó fi ń ta omi tútù. Ó fi owó rẹ̀ fi Tósìn sẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ sólà lọ́dọ̀ ọ̀gá Ìgbò kan ní Ọjà Àlàbá. Ọláwálé náà fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn míì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Florence pé kó ṣe sùúrù kí iṣẹ́ kọ́kọ́ dé. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ṣáà sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ẹ̀rù á bà mí.”

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, àyà mi já díẹ̀, nítorí mo rántí pé ìwọ ò tíì dárúkọ iṣẹ́ kankan fún mi. Ẹyin lohùn, Àjàní. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Fún mi lésì.

Bàbá rẹ.


Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Èbìbí, 2025.

Ọlátúndé,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo kọ̀wé, o ò dáhùn. Mo pè, ìyàwó rẹ ló gbé e, ó ní o rìnrìn àjò. Ṣàkírát ní àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà mi ti di búlúù tipẹ́, pé o ti kà á. Mi ò mọ nǹkan tí búlúù ń sọ. Èmi ń retí ọ̀rọ̀.

Àwọn kọ́ńtéńà dé láti Àpápá ní Ọjọ́bọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ wa ti tò sẹ́nu gétì. Florence ti lọ aṣọ Tósìn, Tósìn sì wọ bàtà tó ń dán. Mo wà níbẹ̀, mo wọ agbádá, ṣé o gbọ́? Mo wọ agbádá, mo dúró níwájú wọn bí bàbá ìyàwó.

Àwọn òyìnbó sọ̀kalẹ̀, àwọn èèyàn míì sì bá wọn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa já ẹrù. Wọ́n já a. Wọ́n já a pẹ̀lú orin, wọ́n rò pé bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n já a tán, wọ́n fún wọn ní omi oníọ̀rá àti búrẹ́dì, wọ́n ní ó ti tó, kí wọ́n máa lọ sílé. Mo bá ọkùnrin tó ń túmọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, gbogbo àwọn tó máa tò ó ló bá kọ́ńtéńà wá. Páńẹ́ẹ̀lì ti parí láti ọ̀hún. Kò sí iṣẹ́ tó kù.” Mo ní àṣìṣe ni. Mo ní ọmọ mi wà ní ọ́fíìsì yín. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

Ọláwálé kàn ń wò mí ni. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo sọ fún gbogbo wọn pé màá kọ̀wé sí ọ, pé ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Wọ́n ń dúró. Èmi náà ń dúró. Kí ló dé, Ọlátúndé?

Bàbá rẹ.


Hamburg,
2/6/2025

Bàbá mi,

Ẹ forí jì mí. Mi ò rìnrìn àjò kankan. Inú ilé ni mo wà nígbà tí ẹ pè. Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àṣìṣe. Owó orí àwọn ará ibí ni owó ìrànwọ́ yẹn. Àjọ tó ń pín in ní òfin pé páńẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tó wà níbí, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ tí a gbà níbí ni yóò tò ó. Ilé iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì kan wà nítòsí wa tó ti fẹ́ kógbá sílé. Ọkùnrin tó ń gbé lókè wa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ Ìbà wọlé, wọ́n pè é padà. Ìyàwó rẹ̀ yan kéèkì, ó gbé e wá fún wa, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní Áfíríkà ló gba ọkọ òun là. Mo jẹ kéèkì náà, bàbá mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mo ti mọ òfin yìí kí ẹ tó ṣe ìpàdé ẹbí. Òun nìyẹn. Mo ti mọ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín pé ẹ dúró fún wọn, ó yẹ kí n pè yín lójú ẹsẹ̀. Mo mú fóònù, mo sì gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹbí ò ní yọ̀ǹda ilẹ̀, ipò tí wọ́n ṣèlérí fún mi á sì lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá yá, màá rí nǹkan ṣe. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè ka lẹ́tà yín kejì tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti bẹ àwọn ọ̀gá mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ará ibẹ̀: ẹni tí á máa ṣọ́ gétì, tí á sì máa fi omi fọ eruku kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi. Tí ẹ bá rò pé Tósìn ló yẹ, ẹ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Èmi ni màá bu ọwọ́ lù ú.

Ẹ má fi mí bú, ẹ jọ̀ọ́.

Ọlátúndé.


Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Òkúdù, 2025.

Ọlátúndé,

Mo ka lẹ́tà rẹ kí Iléyá tó dé, mo sì pa á mọ́ sínú títí ọdún fi kọjá. Mi ò fẹ́ bínú lọ́jọ́ ọdún.

Mo pa àgbò bí mo ṣe máa ń pa á. Ṣàkírát bu ẹran sínú abọ́, ó gbé e kiri ilé bí a ti máa ń ṣe. Abọ́ Ọláwálé padà wá pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀, wọn ò tilẹ̀ ṣí ìdérí. Àwọn mìíràn náà dá tiwọn padà. Florence gbé tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Tíṣà, Tósìn ló ní òun ò jẹ ẹ́.” Kristẹni ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò kọ ẹran Iléyá mi rí. A wá jókòó ti ẹran, èmi àti àbúrò rẹ, eṣinṣin ń bà lé e. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n kúkú wí i.

Mi ò bínú sí àwọn ará Jámánì. Owó wọn ni, ọmọ wọn ni wọ́n fi bọ́. Ìjọba tó bá ná owó ìlú rẹ̀ síta, tó rí i pé ó padà wá di oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ìlú rẹ̀, ìjọba gidi nìyẹn. Irú rẹ̀ ni èmi náà ń tọrọ níbí. Obìnrin tó yan kéèkì fún yín, kó máa jẹ ayọ̀ rẹ̀ lọ. Ìwọ ni mo ń bínú sí. Wọ́n rán ọ níṣẹ́ ẹrú, o ò fi tọmọ jẹ́ ẹ. O gbọ́ pé mo fi orúkọ mi dúró níwájú ẹbí, o sì jẹ́ kí n máa dúró lọ. Àní ọmọ tí mo bí!

O ní kí n fi orúkọ kan ránṣẹ́. Orúkọ ta ni? Tí mo bá mú Tósìn, Ọláwálé á ní mo gba ti àjèjì, mo fi ti ẹbí sílẹ̀. Tí mo bá mú ọmọ Ọláwálé, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Florence? Iṣẹ́ kan láàárín gbogbo ọmọ yẹn! Ìjà lo fẹ́ kí n pín. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo sì ti sọ níwájú wọn pé tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá mú mi.

Orúkọ náà nìyí, kọ ọ́ dáadáa: Bùràímọ̀ Akéwúṣọlá. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: tíṣà. Ẹni tó dúró fún un: Ọlátúndé, ọmọ rẹ̀.

Bu ọwọ́ lù ú.


Hamburg,
15/6/2025

Bàbá mi,

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ má ṣe èyí sí mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo fi ìyá wa tó ti sùn bẹ̀ yín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ara mi, pé bàbá mi ń ṣe máígádì níbi tí mo ti ń ṣe ọ̀gá? Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ san níbẹ̀, màá máa fi jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù. Ẹ jókòó sílé yín.

Nǹkan míì sì wà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ wá ṣí ibẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn. Ẹ rò ó wò, bàbá mi. Ẹ rò ó wò dáadáa.

Mo ti bu ọwọ́ lù ú nítorí ẹ ní kí n bu ọwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣẹ́ ọwọ́ sí mi pẹ́nrẹ́n, màá fà á ya.

Ọlátúndé.


Ẹnu Gétì, Ìbà.
Ogúnjọ́ oṣù Agẹmọ, 2025.

Àjàní,

Mo ti wọṣẹ́. Ẹ̀wù búlúù ni wọ́n fún mi, ó fẹ̀ débi pé èmi àti Ṣàkírát lè jọ wọ̀ ọ́. Láàárọ̀, mo máa ń fa rọ́bà omi, mo sì ń fọ eruku ọ̀nà Àgbádárìgì kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó tò ó ti padà sí Jámánì. Iná ti dé ọjà. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí irọ́ ò dára, iná náà mọ́lẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n wá fi mí ṣẹ̀sín. “Bàbá Tíṣà di máígádì!” Àwọn tí mo kọ́ ní A B D ni o. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, ẹ wọlé wá jókòó.” Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Owó oṣù tí mo gbà, Ọláwálé ni mo kó o fún, kó pín in fún àwọn òbí tó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ lásán. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Nígbà tó gbà á, ó bú sẹ́kún, ó ní, “Bàbá, mo dá ẹran yín padà.” Mo ní ẹran ti jẹrà, kó má dààmú.

Ní báyìí, àwọn ọmọ náà máa ń wá láàárọ̀ wá bèèrè bóyá iṣẹ́ ti dé. Mo máa ń dìde dúró, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn fúnra mi pé kò tíì dé. Florence náà máa ń wá bá mi jókòó tó bá ti ń bọ̀ láti ọjà. Wọ́n ní ó kéré tán, mi ò sá.

O ní kí n rò ó wò. Mo ti rò ó. Nígbà tí ẹ bá dé, màá ṣí gétì fún yín bí mo ṣe ń ṣí i fún gbogbo èèyàn.

Bàbá rẹ.


Hamburg,
28/9/2025

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ìwé yìí. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á.

Mo wà nínú ọkọ̀ dúdú tó ṣáájú. Mo rí yín kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹ ti rù, bàbá mi. Ẹ ṣí gétì, ẹ gbé ọwọ́ sókè kí wa. Ọwọ́ mi wà lórí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ sínú yẹpẹ̀ yẹn pẹ̀lú súùtù lọ́rùn mi. Ọ̀gá mi wá ní, “Bàbá yẹn ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí. Ta ni?” Mo ní, “Olùṣọ́ ni. Ará àdúgbò kan ni.”

Ọkọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe wọlé.

Lábẹ́ kánópì, ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ní owó ìrànwọ́ yìí ti pèsè iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Kò kàn sọ ibi tí wọ́n wà ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé tí a bá ṣe tán, màá sọ fún wọn pé mo ń bọ̀, màá wá bá yín nílé. Wọ́n ní bàálù Àbújá ò ní dúró. Mo tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀, bàbá mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi tẹ̀ lé wọn.

Ojú mi já. Mi ò lè wo ọmọ mi lójú láti ìgbà tí mo ti dé. Mo fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀gá mi pé bàbá mi lẹni tí wọ́n rí ní gétì. Kí wọ́n gba ipò wọn tó bá wù wọ́n. Ẹ kàn sọ fún mi pé kí n ṣe é.

Ọlátúndé.


Ọ̀jọ́, Èkó.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọlátúndé ọmọ mi,

Mo rí ọ. Gíláàsì ọkọ̀ yẹn dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ níwájú kánópì, mo rí ẹ̀yìn rẹ. Bí o ṣe máa ń gbé èjìká kan ga tí o bá ń rìn, bí ìyá rẹ ṣe rìn láyé nìyẹn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo fọ páńẹ́ẹ̀lì kan náà léraléra lọ́jọ́ kejì, mi ò mọ̀ pé mo ti fọ̀ ọ́.

O ní kí n sọ fún ọ pé kí o lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ. Má sọ fún wọn. Kì í ṣe pé mo ti dárí jì ọ́ tán, màá gbìyànjú. Nǹkan míì ló ṣẹlẹ̀ tí o ò mọ̀.

Florence wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gétì nígbà tí ẹ kọjá. Ọláwálé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn wá wòran. Nígbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀, Florence na ọ̀rùn, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ṣé kì í ṣe Ọlátúndé yín nìyẹn?” Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọláwálé náà yíjú sí mi.

Mo ní, “Rárá o. Ọlátúndé wà ní Jámánì. Ṣé ọmọ tèmi á wọ Ọ̀jọ́, kó má kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi?”

Wọ́n ní òótọ́ ni. Ọláwálé ní, “Tí Bàbá bá ti lóun kọ́, òun kọ́ nìyẹn.” Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè. Gbogbo ohun tí mo ṣe ní gétì yẹn láti ìgbà òjò, nítorí kí wọ́n lè tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ ni. Wọ́n sì gbà á gbọ́, Àjàní.

Ṣàkírát ní fọ́tò ọjọ́ náà ti wà lórí Fesibúùkù iléeṣẹ́ yín, o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ, ojú rẹ hàn ketekete. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí Tósìn tó rí i.

Bàbá rẹ,
Bùràímọ̀.